Eré Ìtàgé àti Ọ̀ràn Ìlú: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Hubert Ògúndé

Àwọn àgbà a máa sọ pé ọba kì í pa ọ̀kọrin. Òwe náà kò sọ pé gbogbo orin ni ó sunwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé inú ọba a máa dùn sí gbogbo ohun tí ọ̀kọrin bá kọ. Ohun tí ó fi yé wa ni pé àwọn baba ńlá wa ti mọ̀, kí ìwé tó dé ilẹ̀ yìí, pé ó yẹ kí ẹnu kan wà ní ìlú tí yóò lè sọ ohun tí àwọn ìjòyè kò lè sọ ní ààfin. Láàárín ọdún 1944 sí 1966, ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí a dán òwe yìí wò ní ara rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Orúkọ rẹ̀ ni Hubert Adédèjì Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọsà ní ẹ̀bá Ìjẹ̀bú-Òde, tí a bí ní 1916, tí ó sì kú ní 1990.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ti kọ̀wé láti yìn ín pé òun ni baba eré ìtàgé ní ilẹ̀ wa. A kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyìn ni a jókòó láti kọ níhìn-ín. Ìbéèrè kan ni ó wà níwájú wa: ǹjẹ́ eré lè tún ìlú ṣe? Bí ó bá lè tún un ṣe, ọ̀nà wo ni ó ń gbà, níbo ni agbára rẹ̀ sì mọ? Ìbéèrè yìí kàn wá gidigidi, nítorí pé láti inú ìjọ ni eré náà ti jáde wá, àwọn olùkọ́ ilé-ìwé ni ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní eré títí di òní.

Oríṣi ènìyàn méjì ni a máa ń bá pàdé nínú ọ̀ràn yìí. Àwọn ti ìṣáájú ní eré ni eré ń jẹ́: a lọ wò ó, a rẹ́rìn-ín, a padà sí ilé, ọ̀la sì rí bí àná ti rí. Àwọn ti ìkejì gbé eré ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá gbọ́ wọn yóò rò pé orin ni ó lé àwọn òyìnbó lọ. Bí a bá fi ìtàn wò ó, ẹgbẹ́ méjèèjì ni kò rí òótọ́ délẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tọ̀ ọ́ láti orísun rẹ̀.

Ibi tí eré náà ti wá

Kì í ṣe Ògúndé ni ó kọ́kọ́ fi orin bá aláṣẹ wí láàárín wa. Ní Kétu àti ní ilẹ̀ àwọn Yewa, ní òru Ẹ̀fẹ̀ tí ó ṣáájú ìjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọ̀kọrin a máa súre fún ìlú, lẹ́yìn náà a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àṣírí àwọn oníwàkiwà, ìbáà ṣe tálákà, ìbáà ṣe ìjòyè, kò sì sí ẹni tí ó lè mú un sí i ní ọjọ́ kejì. Ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ Òkèbàdàn, ẹnu kò ní ìlẹ̀kùn. Ẹni ńlá àti ẹni kékeré ni ó ń gba tiwọn nínú èébú. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kíyèsí ohun kan nínú àwọn àṣà wọ̀nyí. Òru kan tàbí ọjọ́ kan ni a yọ̀ǹda. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọ̀rọ̀ tán, gbogbo ènìyàn a sì padà sí àyè rẹ̀. Àṣà náà ń tu ìlú lára. Kò wá láti yí ètò ìlú padà.

Ìjọ fi ohun mìíràn kún un. Nígbà tí ìhìnrere dé, orin tí a túmọ̀ láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a kọ́kọ́ ń kọ, ohùn orin náà kò sì bá ohùn ọ̀rọ̀ wa mu, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kan a fi máa di òmíràn ní ẹnu àwọn tí ń kọ ọ́. Àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ rí àléébù yìí. Alàgbà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, tí ó gbé ayé láti 1855 sí 1930, mú ohùn orin àwọn Ẹ̀gbá, ó fi ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ sí i, orin rẹ̀ sì dùn mọ́ ará oko àti ará ìlú tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbà á sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ní Èkó, àwọn ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìsìn orin, wọ́n ń fi ìtàn inú Bíbélì ṣe eré pẹ̀lú orin ìbílẹ̀, wọ́n sì ń ta ìwé ìwọlé láti fi kọ́ ilé ìsìn. Báyìí ni àwọn ará ìlú ṣe kọ́ bí a ti í jókòó fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta láti gbọ́ ìtàn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n sì béèrè lẹ́yìn rẹ̀ pé, kí ni ìtàn náà ń kọ́ wa?

Inú ètò yìí ni Ògúndé bọ́ sí. Bàbá rẹ̀ jẹ́ òjíṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣe olùkọ́, ó sì ti wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1941, kí Ìjọ Olúwa ti àwọn Aládùúrà ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tà tó gbà á láyè ní 1944 láti ṣe eré kan nípa ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run, kí a lè rí owó fi kọ́ ilé ìjọsìn. Ó ṣe é ní Gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín eré rẹ̀ àti ti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ni pé kò jẹ́ kí àwọn òṣèré dúró gbagidi bí akọrin inú ìjọ. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń jó, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ti ń sọ ọ́ ní ilé. Ní 1945 ó dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀, kò sì pẹ́ tí ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀.

Ìdáṣẹ́sílẹ̀ àti ebi

Ohun tí ó mú kí a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ni pé ó gbé ètò tí ó kọ́ ní ìjọ lọ sí inú ọ̀ràn ọjà àti ọ̀ràn ibi iṣẹ́. Àwọn tí ó bá wà láyé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì mọ bí nǹkan ti rí ní Èkó. Iye owó oúnjẹ gòkè, owó iṣẹ́ kò sì tẹ̀lé e. Ìjọba fi ẹnì kan, Captain A. P. Pullen, ṣe olórí ètò láti máa dá iye owó lé gàrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn. Àwọn obìnrin ọjà, tí Alimotu Pelewura jẹ́ olórí wọn, sì kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ètò náà yóò ba òwò àwọn jẹ́, kò sì ní bọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà 1945 àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn, tí wọ́n ju 30,000 lọ, dá iṣẹ́ sílẹ̀. Michael Imoudu, tí ìjọba ti kó kúrò ní Èkó láti 1943 tí ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé ní oṣù náà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú wọn. Ní oṣù Keje ìjọba ti ìwé ìròyìn West African Pilot àti Daily Comet pa fún ìgbà díẹ̀. Ó ju oṣù kan lọ kí àwọn òṣìṣẹ́ tó padà sí ẹnu iṣẹ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Tudor Davies jẹ́ alága rẹ̀ jókòó, ó dámọ̀ràn ní 1946 pé kí a fi ìdajì kún owó ìrànwọ́ tí a ń fún wọn nítorí ọ̀wọ́n ọjà.

Nínú ọdún 1945 yìí kan náà ni Ògúndé gbé eré Strike and Hunger jáde, èyí tí a lè pè ní Ìdáṣẹ́sílẹ̀ àti Ebi. Kò pe gómìnà ní gómìnà, kò sì pe rélùwéè ní rélùwéè. Ó sọ ìtàn ọba kan tí ó ń ni àwọn ènìyàn rẹ̀ lára, ebi, àti bí wọ́n ṣe kọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó wà nínú gbọ̀ngàn kò nílò olùtumọ̀. Nígbà tí ó gbé eré náà lọ sí Jọs ní 1946, àwọn aláṣẹ fòfin dè é níbẹ̀, wọ́n sì mú kí ó san owó ìtanràn.

Àwa rí ohun rere mẹ́ta nínú eré yìí. Èkíní, ó sọ ọ̀ràn owó iṣẹ́ di ọ̀ràn ìkòkò ọbẹ̀. Ìwé ìròyìn a máa sọ iye owó tí òṣìṣẹ́ ń béèrè. Eré fi ìyá tí kò ní nǹkan tí yóò sè hàn. Obìnrin tí kò gba owó oṣù rí láyé rẹ̀ yóò mọ̀ nígbà náà pé ọ̀ràn òun ni àwọn ọkùnrin rélùwéè ń jà fún. Èkejì, ó dé ibi tí ìwé kò dé. Ẹni tí kò lè ka ìwé lè gbọ́ orin, ó sì lè kọ ọ́ lọ sí oko. Nígbà tí ìjọba ti ìwé ìròyìn pa, ó rò pé òun ti ti ìlẹ̀kùn, kò mọ̀ pé fèrèsé wà. Ẹ̀kẹta, ó jẹ́ kí àwọn ará ìlú mìíràn, tí wọn kò sí ní Èkó nígbà ìdáṣẹ́sílẹ̀ náà, mọ̀ pé irú ìyà kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ.

Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ ohun tí eré náà kò ṣe. Kò bá àwọn òṣìṣẹ́ ṣẹ́gun. Àwọn òṣìṣẹ́ ni ó fi ara wọn ṣẹ́gun, wọ́n ti jà kí a tó kọ orin nípa rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé eré ni ó mú owó iṣẹ́ lọ sókè ń gba ògo ẹni tí ó farada ebi fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó ń fi í fún ẹni tí ó sọ ìtàn rẹ̀. Àbùkù kejì jẹ́ ti iṣẹ́ ọnà gan-an. Bí a bá kó gbogbo ẹ̀bi lé ọba kan lórí, ìtàn a dùn, ọkàn àwọn tí ń wòran a sì balẹ̀, nítorí pé kò sí ẹ̀bi ní ọwọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀wọ́n ọjà ìgbà ogun kò rí. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa wà nínú àwọn tí ó kó oúnjẹ pamọ́ kí iye rẹ̀ lè gòkè. Eré tí ó bá fi ẹni tí ń kó gàrí pamọ́ hàn ní ẹ̀gbẹ́ ọba tí ń ni ìlú lára ì bá korò ní ẹnu, ṣùgbọ́n ì bá ṣe àwọn ènìyàn ní rere jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oúnjẹ àti ọta ìbọn

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1949, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn lu àwọn òṣìṣẹ́ tí ń wa èédú ní Iva Valley ní Énúgù. Ènìyàn mọ́kànlélógún ni ó kú. Ní 1950 Ògúndé gbé eré Bread and Bullet jáde lórí ọ̀ràn náà. Nígbà tí a gbé e dé Kánò, wàhálà pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá tún bẹ̀rẹ̀.

Bí a bá ní kí a yan ọ̀kan nínú gbogbo eré rẹ̀ tí ó fi agbára iṣẹ́ ọnà hàn jù lọ nínú ọ̀ràn ìlú, eléyìí ni a ó mú. Àwọn Ìgbò ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kú. Òṣèré Yorùbá, pẹ̀lú orin Yorùbá, ni ó gbé ọ̀fọ̀ wọn wá sí iwájú àwọn tí kò gbọ́ èdè wọn, tí kò sì fi ojú kan Énúgù rí. Ní àkókò náà gan-an ni àwọn òṣèlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín orílẹ̀-èdè sí ti èmi àti ti ìwọ. Nígbà tí ìwé ìròyìn ń bi ara wọn léèrè pé ẹ̀yà wo ni yóò jókòó sí ibi gíga, eré yìí bi àwọn tí ń wòran léèrè pé, ta ni aládùúgbò rẹ? Òfin kò lè pàṣẹ pé kí Ẹ̀gbá tàbí Ìjẹ̀bú sunkún nítorí òkú ọmọ Ìgbò. Eré lè mú un ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí òfin kò lè ṣe sì ni a ń wá nínú iṣẹ́ ọnà.

A kò gbọdọ̀ fi ọ̀ràn àwọn obìnrin sílẹ̀ pẹ̀lú. Nínú eré Tiger's Empire ti 1946, Ògúndé mú àwọn obìnrin wá sórí ìtàgé gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ tí a ń san owó fún. Ní ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ìdílé tí ó ní ọ̀wọ̀ ni kò jẹ́ gbà kí ọmọbìnrin wọn ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn olùkàwé wa lè ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn òṣèré rẹ̀ obìnrin. Kì í ṣe ohun tí ìjọ fi kọ́ni. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé eré tí ń sọ̀rọ̀ òmìnira yóò dàbí irọ́ bí àwọn ọkùnrin bá ń fi gèlè wé orí láti ṣe bí ìyá àti aya, nígbà tí àwọn ìyá àti aya fúnra wọn jókòó sí ẹ̀yìn.

Yorùbá, ronú

A dé ibi tí àríyànjiyàn pọ̀ sí jù. Ní oṣù Karùn-ún 1962 ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ní oṣù Kẹsàn-án 1963 a rán Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá, Olóyè S. L. Akíntọ́lá, tí ó ti jẹ́ igbákejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́, sì jẹ́ Olórí Ìjọba ní Ìbàdàn pẹ̀lú àtìlẹ́yìn àwọn aláṣẹ ìjọba àpapọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1964, a pe Ògúndé láti wá ṣeré ní Ìbàdàn níbi àjọ Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin, níwájú Olórí Ìjọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀. Eré tí ó mú wá ni Yorùbá Ronú: ìtàn ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dà fún ọba mìíràn, tí a gbé e sí ìgbèkùn, tí igbákejì náà sì gorí oyè, ó ń ni àwọn ènìyàn lára, títí wọ́n fi dìde sí i, tí wọ́n sì pa á. Inú bí àwọn àlejò pàtàkì náà, wọ́n sì dìde kúrò níbẹ̀. Ní oṣù Kẹta ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ ṣeré níbikíbi ní agbègbè náà. Títí di oṣù Kejì 1966, nígbà tí ìjọba ológun ti Adékúnlé Fájuyì dé, ni a tó mú òfin náà kúrò.

Àwọn kan wí pé alábòsí ni Ògúndé, nítorí pé ó jẹ oúnjẹ àwọn tí ó pè é, ó sì bú wọn ní ojú ara wọn. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá pe ọ̀kọrin, kì í ṣe ẹnu rẹ̀ ni a rà. Ẹ rántí Nátánì wòlíì. Kò lọ sọ ẹ̀ṣẹ̀ Dáfídì ní ọjà. Ó lọ sí ààfin, ó sọ ìtàn ọ̀dọ́-àgùntàn kan fún ọba, ọba fúnra rẹ̀ sì dá ẹjọ́ náà. Láti sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní ojú ẹni tí ó kàn ṣòro ju láti sọ ọ́ ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ti èyí, Ògúndé ṣe bí ọkùnrin.

Ìjọba ni ó ṣe aṣiṣe jù. Bí ìtàn náà kò bá jẹ mọ́ wọn, èéṣe tí wọ́n fi dìde? Bí ó bá sì jẹ mọ́ wọn, òfin kò lè sọ ọ́ di irọ́. Wọ́n ti àwọn gbọ̀ngàn pa, ṣùgbọ́n orin eré náà ti wà nínú àwo, àwọn ènìyàn sì ń gbọ́ ọ ní ilé wọn. Kò sí ìkéde tí ó lè polówó eré bí ìfòfindè. Ògúndé fi eré mìíràn dá wọn lóhùn, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Òtítọ́ Korò. Àwọn àgbà ti sọ pé òtítọ́ dé ọjà ó kù tà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Ní àkókò yìí òtítọ́ tà, nítorí pé ìjọba ti bá a polówó.

Síbẹ̀, ojúṣe wa ni láti wo eré náà bí eré, kí a má sì jẹ́ kí ìyà tí a fi jẹ olùkọ̀wé dí wa lójú. Orúkọ rẹ̀ dára púpọ̀. Kò sọ pé kí Yorùbá bínú, kò sọ pé kí Yorùbá jà; ó ní kí wọ́n ronú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìtàn náà parí, kí ni ó kù tí ẹni tí ó wòran yóò ronú lé lórí? Ọ̀dàlẹ̀ ti kú, ìlú ń yọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé: òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n eré náà kò bi wá léèrè pé, ta ni ó ṣí ìlẹ̀kùn fún aṣeni? Báwo ni ìlú tí ó ní ọba, tí ó ní ìjòyè, tí ó ní ọ̀mọ̀wé púpọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe di ilé tí ẹnì kan ṣoṣo lè tà? Àwọn tí ó pàtẹ́wọ́ fún ọba, tí wọ́n tún pàtẹ́wọ́ fún igbákejì rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, níbo ni wọ́n wà nínú ìtàn náà? Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Nátánì fi àyè sílẹ̀ fún Dáfídì láti wí pé òun ti ṣẹ̀. Nínú Yorùbá Ronú, kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni láti yí padà. Ikú nìkan ni ó wà ní òpin.

A mọ ohun tí ó tẹ̀lé e nínú ìtàn. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù Kẹwàá 1965 tí ó kún fún èrú, àwọn ènìyàn ń da epo lu ilé àti ènìyàn, wọ́n ń fi iná sí i, wọ́n sì pe iṣẹ́ náà ní wẹ́tìẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1966 àwọn ọmọ ogun pa Olóyè Akíntọ́lá. A kò sọ pé eré ni ó fa èyí. Yóò jẹ́ irọ́ ńlá, nítorí pé èrú ìdìbò ni ó fà á, ìjọba sì ti fi òfin de eré náà tipẹ́. Ohun tí a ń sọ kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì. Ní àkókò tí gbogbo ènìyàn ti mọ ẹni tí wọ́n kórìíra, iṣẹ́ tí ó ṣòro tí iṣẹ́ ọnà nìkan lè ṣe ni láti fi ọ̀nà mìíràn hàn wọ́n ju ẹ̀san lọ. Eré náà rí àìsàn, ó sì pè é ní orúkọ rẹ̀. Oògùn tí ó mú wá ni oògùn tí gbogbo ìlú ti ní nílé tẹ́lẹ̀.

Ohun tí a rí kọ́

Kí ni ìdáhùn sí ìbéèrè wa? Eré kò lè ṣe iṣẹ́ òṣìṣẹ́, kò lè ṣe iṣẹ́ adájọ́, kò sì lè dìbò. Ẹ wo ọ̀ràn Abẹ́òkúta. Àwọn obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣáájú kọ orin ní ẹnu ọ̀nà ààfin ní 1947 nítorí owó orí, Aláké Adémọ́lá Kejì sì fi oyè sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 1949. Orin náà ní agbára, nítorí pé àwọn tí ń kọ ọ́ ni ọ̀ràn náà dùn, wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n sì kọ̀ láti san owó. Orin tí kò ní ẹgbẹ́ lẹ́yìn ń kọjá lọ bí afẹ́fẹ́. Ẹgbẹ́ tí kò ní orin sì tètè ń rẹ̀. Ohun tí eré Ògúndé ṣe ni pé ó mú àwọn tí wọ́n rò pé ọ̀ràn kan kò kàn wọ́n, ó sì sọ wọ́n di ẹni tí ọ̀ràn kàn. Iṣẹ́ ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni.

Ohun mìíràn wà tí ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ ìjọ wa fi sí ọkàn. Ògúndé lè sọ òtítọ́ nítorí pé àwọn tí ń ra ìwé ìwọlé ni ó ń bọ́ ọ. Ìjọba àpapọ̀ pè é láti ṣeré fún ayẹyẹ òmìnira ní 1960. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ìjọba mìíràn lé e kúrò lórí ìtàgé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí iṣẹ́ ọnà bá ìlú wí gbọ́dọ̀ múra láti san owó rẹ̀ pẹ̀lú àpò ara rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá ra aṣọ fún egúngún ni yóò sọ ibi tí yóò jó dé.

Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá tún ń yan eré fún àwọn ọmọ, a bẹ̀ yín kí ẹ bi ìwé náà ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé òtítọ́ ni ó ń sọ nípa ìyà tí ó ń fi hàn? Ṣé ó fi ẹ̀bi àwa tí a jókòó nínú gbọ̀ngàn hàn, tàbí ti ẹlòmíràn nìkan? Nígbà tí ó bá parí, ṣé ó kù ohun kan tí ènìyàn lè lọ ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀? Strike and Hunger yóò yege nínú ti èkíní, yóò sì kùnà nínú ti èkejì. Yorùbá Ronú yóò yege nínú ti èkíní pẹ̀lú, ṣùgbọ́n yóò kùnà nínú ti ẹ̀kẹta. Kò tó ohun tí a ó fi ta wọ́n nù. Ó tó ohun tí a ó fi kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń wo eré pẹ̀lú ojú tí ó là.

Ní òpin, iṣẹ́ kan wà tí ó ń dúró dè wá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn eré ìgbà náà ni a kò tẹ̀ sí ìwé. Wọ́n wà nínú àpótí, nínú àwo orin tí ó ti há, àti nínú orí àwọn arúgbó. Bí ẹnì kan bá wà nínú ìjọ yín tí ó jókòó ní Gbọ̀ngàn Glover tàbí ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ní àwọn ọdún wọ̀nyí, ẹ mú ìwé àti kálàmù lọ bá a ní ilé. Ẹ béèrè ohun tí ó rí lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ béèrè orin tí ó rántí, ẹ sì béèrè ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ fún ara wọn nígbà tí wọ́n ń rìn lọ sí ilé ní òru ọjọ́ náà. Ohun tí wọ́n sọ ní ojú ọ̀nà yẹn ni yóò fi hàn wá bóyá eré náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀.